Amaana ni Àga Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin: Ohun tí Ó Yẹ kí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó Máa Béèrè

   

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá ń súnmọ́ tòsí ní Erékùṣù Èkó, ariwo a máa gba ìlú. Láti agbègbè Ìgà Ìdúngànrán dé Òkè Àrín, láti Ẹbúté Èrò dé Ìta Fájì àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn a máa ké, àwòrán àwọn olùdíje a sì bo ara ògiri. Ẹni tí ó ń wá àga Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ á ṣèlérí kànga ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, owó ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àpò ìrẹsì nígbà ọdún. Bí ó bá wọlé tán, ohun tí ó pín ni àwọn ará ìlú ó fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pín púpọ̀, wọn á ní ọmọ gidi ni. Bí kò bá pín, wọn á ní ahun ni. Àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bi í: Òfin wo ni ó gbé wá síwájú Ilé? Kí ni ó sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò ètò ìnáwó ìpínlẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba wo ni ó pè kí ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́?

Pínpín ẹrù kì í ṣe iṣẹ́ aṣòfin. Ẹni tí ó gba bíríkìlà síṣẹ́, tí ó wá ń yìn ín nítorí pé ó gbá àgbàlá mọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ya òun lẹ́nu bí ògiri bá wó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ aṣòfin jẹ́ gan-an, ohun tí ẹ̀sìn Islam sọ nípa rẹ̀, àti ohun tí ojú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

AṢOJÚ NÍNÚ ẸKỌ́ ISLAM

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ aṣòfin kò kan Mùsùlùmí, pé ọ̀nà àwọn òyìnbó ni, pé ìdọ̀tí ni gbogbo òṣèlú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Aqabah, nítòsí Mẹ́kà, ní ọdún 622, kí Ànábì tó ṣí lọ sí Mẹ̀dínà. Àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n lé ní àádọ́rin wá bá a lóru láti ṣe àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí àdéhùn náà ń parí, Ànábì ní kí wọ́n yan ènìyàn méjìlá láàárín ara wọn tí yóò dúró fún àwọn ènìyàn wọn. Mẹ́sàn-án wá láti inú ẹ̀yà Khazraj, mẹ́ta láti inú ẹ̀yà Aws. Ànábì, ẹni tí ìmísí ń sọ̀kalẹ̀ fún, lè tọ́ka sí ẹni tí ó bá wù ú. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó fi yíyàn sí, ó sì jẹ́ kí àwọn méjìlá náà mọ̀ pé àwọn ni onídùúró fún àwọn ènìyàn wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Ìkíní ni pé aṣojú gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ àwọn tí ó ń ṣojú fún wá. Ìkejì ni pé bí wọ́n bá ti yàn án, ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú Suuratu Shuura, orí 42, ẹsẹ 38, Ọlọ́hun ka ìfikùnlukùn mọ́ ìwà àwọn onígbàgbọ́ òdodo, Ó sì dárúkọ rẹ̀ láàárín ìrun kíkí àti ìnáwó sójú ọ̀nà Rẹ̀. Nínú Suuratu Nisaa, orí 4, ẹsẹ 58, Ó pàṣẹ kí a dá amaana padà fún àwọn tí wọ́n ni ín, kí a sì fi ẹ̀tọ́ ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn ènìyàn. Amaana ni ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni láti bá oníǹkan tọ́jú. Owó lè jẹ́ amaana, ọmọ lè jẹ́ amaana. Ohùn gbogbo àdúgbò tí a kó lé ẹnì kan lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin, amaana ni òun náà. Ẹsẹ náà kò sì sọ pé Mùsùlùmí nìkan ni kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún. Mùsùlùmí tí ó bá dé àga yìí, aṣojú onígbàgbọ́ ọmọlẹ́yìn Kírísítì ni, aṣojú ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni, aṣojú ẹni tí kò dìbò fún un náà ni.

BÍ OHÙN ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ ṢE DÉ ILÉ AṢÒFIN

Ohun tí a bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kì í níyì lójú ẹni. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dàgbà bá ìdìbò lè rò pé ó ti wà tipẹ́tipẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògọ́sítì ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn wà lórí omi níwájú ìlú. Ní ọdún 1862 wọ́n dá ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀ fún Èkó, ṣùgbọ́n gómìnà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n jókòó síbẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí ará Èkó kankan tó dìbò yan ẹni tí yóò bá a ṣòfin. Òfin tuntun ti ọdún 1922 ni ó fún Èkó ní àga mẹ́ta, tí ó sì fún Kàlàbá ní ẹyọ kan. Ní ọdún 1923 ni Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, àwọn olùdíje ẹgbẹ́ náà sì gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Èkó lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó dìbò? Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un kò dín ní 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni. Apẹja Ìsàlẹ̀ Èkó kò sí níbẹ̀. Aláàfáà tí ń kọ́ ọmọ ní kéú kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò. Ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ti ọdún 1950 ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo àgbàlagbà, ọkùnrin àti obìnrin. Nínú ìgbìmọ̀ náà ni Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe, ọmọ Mùsùlùmí, ti di olórí ìlú tí wọ́n ń pè ní Méyọ̀.

Àìnídìbò kò sọ àwọn baba àti ìyá di odi. Alimotu Pelewura, obìnrin Mùsùlùmí tí ń ta ẹja, tí kò ka ìwé òyìnbó, ni olórí ọjà Eréko àti ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí owó tí ń wọlé fún wọn bá ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, òun àti ọ̀pọ̀ obìnrin tú jáde láti lọ bá àwọn aláṣẹ lójúkojú. Ìjọba gbé iye náà sókè dé 200 pọ́n-ùn. Kò sí àga fún wọn nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin, wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni ọ̀dọ́ òde òní yóò sọ, ẹni tí ó ní ìdìbò, tí ó ní ìwé kíkà, tí kò sì mọ orúkọ aṣòfin tí ń ṣojú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ilé wíwó náà wà níbẹ̀. Àjọ LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti jà ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó ní ọdún 1955. Nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ni ètò náà kàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Súrùlérè. Àwọn ilé kan jẹ́gẹjẹ̀gẹ lóòótọ́, ìdọ̀tí àti àìsàn sì wà. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń tajà níwájú ilé rẹ̀ fi oníbàárà sílẹ̀, agbo ilé tí ó ti ń jẹun pọ̀ túká, oníṣẹ́ ọwọ́ jìnnà sí ọjà. Ní ọdún 1954, ọdún kan péré ṣáájú, wọ́n ti yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì ti di olú ìlú lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ẹkùn yòókù ní ilé aṣòfin tiwọn. Èkó ní àwọn aṣojú díẹ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ ní ilé ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀ tí ó lè jókòó lé ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Máyọ̀ọ́ ọdún 1967. Àwọn ológun ni wọ́n ń ṣèjọba nígbà náà, nítorí náà ó di ọdún 1979 kí ìpínlẹ̀ náà tó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn. Ológun tú u ká ní ìparí ọdún 1983. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, ológun sì tún tú òun náà ká ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1993. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999 ni ó ń bá a lọ títí di òní. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nínú ọdún 32 tí ó wà láàárín 1967 sí 1999, ọdún tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ní aṣòfin tí a dìbò yàn kò pé méje. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n báyìí kò yẹ kí á fi pààrọ̀ àpò ìrẹsì.

IṢẸ́ MẸ́TA TÍ ÒFIN GBÉ LÉ AṢÒFIN LỌ́WỌ́

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà ní Alausa, ní Ìkẹjà, ní ọmọ ẹgbẹ́ 40. Nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin Nàìjíríà dárúkọ fún ìpínlẹ̀ náà, ìkọ̀ọ̀kan ní àga méjì. Nítorí náà, Erékùṣù Èkó ní ẹkùn kìn-ín-ní àti ẹkùn kejì. Ènìyàn méjì yìí ni ó gbọ́dọ̀ yí àwọn 38 yòókù lọ́kàn padà bí ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó bá délẹ̀. Òfin ní kí Ilé náà jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ni ó wà fún wọn.

Ìkíní ni òfin ṣíṣe. Ọmọ Ilé tàbí gómìnà lè gbé àbá òfin wá. Ilé yóò kà á, wọn yóò gbé e fún ìgbìmọ̀ kékeré kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì máa ń pe ìpàdé ìta gbangba níbi tí ará ìlú ti lè wá sọ tẹnu wọn. Bí Ilé bá fọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ gómìnà, ẹni tí ó ní ọjọ́ 30. Bí gómìnà bá kọ̀ ọ́, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ Ilé, èyíinì ni ènìyàn 27 nínú 40, bá tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ìfọwọ́sí gómìnà.

Ìkejì ni ìṣọ́ àpò owó. Abala 120 àti 121 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé owó ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé òfin tàbí Ilé yọ̀ǹda rẹ̀. Gómìnà ni yóò gbé ètò ìnáwó wá, ṣùgbọ́n Ilé ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà tí ń yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ wò, Ilé yìí kan náà ni òfin ní kí ó jábọ̀ fún.

Ìkẹta ni ìwádìí. Abala 128 àti 129 fún Ilé ní agbára láti wádìí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ná owó tí Ilé yọ̀ǹda, láti pe ẹ̀rí, àti láti béèrè ìwé. Ẹni tí gómìnà bá sì fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà gbọ́dọ̀ gba iwájú Ilé kọjá.

Kò sí ibi tí ìwé òfin ti sọ pé aṣòfin ni yóò la ojú ọ̀nà tàbí kí ó kó pàǹtírí. Iṣẹ́ gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà ni ọ̀nà ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà àdúgbò àti pàǹtírí, kánsẹ́lọ̀ sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi. Iṣẹ́ aṣòfin ni láti béèrè ìdí tí ẹni tí a fún lówó iṣẹ́ kò fi ṣe é.

ÌTA FÁJÌ: NÍGBÀ TÍ ÒFIN BÁ WÀ LÓRÍ ÌWÉ

Ní ọdún 2010 Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Lábẹ́ òfin náà ni àjọ LASBCA ti ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, tí ó ń yẹ ilé tí ó ti ń rẹ̀ wò, tí ó sì ń fàmì sára èyí tí ó yẹ ní wíwó. Òfin dáadáa ni.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Mááṣì ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì. Ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ilé náà, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì. Nǹkan bí ogún ènìyàn ni wọ́n kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n yọ àwọn tí wọ́n lé ní ogójì jáde láàyè. Ìròyìn tí ó jáde lẹ́yìn náà ni pé wọ́n ti fàmì sára ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí wọ́n kú, kí Ó sì fi sùúrù bá àwọn òbí wọn.

Àmì wà lára ògiri, ènìyàn sì wà nínú ilé. Láàárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ aṣòfin wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni tí ó jókòó sí Ilé nígbà náà. Onílé tí ń gba owó lórí ilé tí ó ń mì ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà tí kò sí ẹni tí ó ní agbára láti béèrè rẹ̀ bí aṣòfin: Ilé mélòó ni àmì wà lára wọn ní Erékùṣù Èkó? Mélòó nínú wọn ni ènìyàn ṣì ń gbé? Ta ni ó yẹ kí ó kó wọn jáde, ọjọ́ wo ni ó sì lọ síbẹ̀ kẹ́yìn? Ẹni tí a bá kó jáde, níbo ni yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Ǹjẹ́ owó fún èyí wà nínú ètò ìnáwó? Bí aṣòfin bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ tì í. Bí ó bá ń béèrè lóṣooṣù, tí ìwé ìdáhùn sì ń wọlé, ó ṣòro kí àmì gbẹ sára ògiri lórí àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ìrẹsì tí a pín ní àdúgbò kò lè gbé òrùlé dúró. Kànga tí a gbẹ́ kò lè gbé e dúró. Òfin tí ó ní olùṣọ́ nìkan ni ó lè ṣe é.

ÒFIN TÍ Ó WỌ INÚ YÀRÁ ẸNI

Àwọn ìyókù kò jìnnà sílé. Ní ọdún 2011 Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti agbègbè ìjọba ní Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ká Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó bá wá yàrá ní Erékùṣù Èkó lẹ́yìn tí òfin yìí jáde mọ iye ìgbà tí wọ́n ti bi í fún owó ọdún méjì. Aṣòfin wo ni ó padà wá wo bí òfin tí Ilé rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ní ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, òfin tuntun lórí owó ilẹ̀ àti ilé jáde, owó tí onílé yóò san sì fò sókè. Ariwo sọ, àwọn onílé àti oníṣòwò fárí gá, ìjọba sì dín in kù ní oṣù Mááṣì ọdún náà. Ní ọdún 2020 wọ́n ṣe òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Fún ilé ẹbí Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ogún àgbà àti ọmọ ń gbé láìsí ẹni tí ó ń gba owó yàrá, irú owó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àbá òfin náà wà níwájú Ilé ni ó yẹ kí olórí ẹbí ti lọ wí tẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ìwé owó bá dé ẹnu ọ̀nà ti pẹ́ kí ó tó jí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì ọdún 2025, àwọn aṣòfin Èkó yọ Olórí Ilé, Mudashiru Obasa, wọ́n sì fi Mojisola Meranda sípò, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Mááṣì, Meranda sọ̀kalẹ̀, Obasa sì padà sórí àga. Láàárín ọjọ́ 49 yẹn, kò sí ìsọ̀ tí wọn kò ti jiyàn lórí ẹni tí ó jàre. Èyí dára, nítorí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn lè fọkàn sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Alausa bí ó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí wọ́n jiyàn ni ó lè dárúkọ àbá òfin kan tí ó wà níwájú Ilé lákòókò náà?

Ẹ̀BÙN ÀTI ÀṢEJẸ

Hadiisi tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà nípa ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya. Ànábì rán an lọ gba sàká wá. Nígbà tí ó dé, ó pín ẹrù sí méjì: ó ní apá kan jẹ́ ti ìjọ, ó ní apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí àwọn ènìyàn fún òun. Ànábì bínú. Ó gun orí mínbárì, ó sì béèrè bóyá ẹ̀bùn náà ìbá bá ọkùnrin náà bí ó bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá mú ohunkóhun lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò gbé e wá lọ́rùn ní ọjọ́ ìdájọ́.

Aṣòfin tí ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ó yẹ kí ó wádìí, kí ó fi ìbéèrè yìí bi ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùdìbò náà bi ara rẹ̀. Owó tí olùdíje fi sí i lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ṣé ìbá bá a bí kò bá ní káàdì ìdìbò? Ànábì ṣépè lé ẹni tí ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí ń gbà á. Ẹni tí ó ti ta ohùn rẹ̀ kò ní ẹnu láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Èyí ni ó fa ìdákẹ́jẹ́ ọdún mẹ́rin.

ÀWỌN OHUN TÍ ỌWỌ́ Ọ̀DỌ́ TÓ

Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù mọ ẹkùn ìdìbò tí ó wà àti orúkọ aṣòfin tí ń ṣojú rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aṣòfin wọn sí: àbá tí ó gbé wá, ohun tí ó sọ, ìgbìmọ̀ kékeré tí ó wà.

Èkejì, bí Ilé bá pe ìpàdé ìta gbangba lórí àbá òfin, kí wọ́n rán ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní kedere. Ariwo ẹnu ọ̀nà níyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ó wọlé kì í tètè sọnù.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yẹ àdúgbò wò. Ilé tí ó ti ń là ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò fara sin fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé sílẹ̀, kí wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ sí aṣòfin, kí wọ́n sì padà lọ béèrè èsì.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n ní sùúrù. Ẹjọ́ híjáàbù àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní Èkó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pàdánù ní ilé ẹjọ́ gíga ní ọdún 2014, wọ́n jàre ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Júùnù ọdún 2022. Ìwé àti ọgbọ́n ni wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ náà, wọn kò sọ òkúta.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tí ó bá ní ìwà àti ìmọ̀ má ṣe sá fún àga náà. Láti ọdún 2018, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 25 lè díje fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀; ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀. Bí aṣòfin bá sì da amaana pátápátá, abala 110 nínú ìwé òfin jẹ́ kí àwọn olùdìbò pè é padà. Ó gba pé kí àwọn tí wọ́n ju ìdajì gbogbo olùdìbò tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ẹkùn náà lọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó wá dìbò lé e lórí. Kò rọrùn, kò sì yẹ kí ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní aṣojú yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Alimotu Pelewura kò dákẹ́ nígbà tí kò ní ìdìbò. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní kíláàsì ní Ìta Fájì kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ni ó yẹ kí ó bá wọn sọ ọ́. Ní ọjọ́ ìdìbò tí ń bọ̀, bí olùdíje bá wọ àdúgbò, kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó dá ẹrù rẹ̀ padà fún un, kí ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó tún padà bi í lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Kí Ọlọ́hun fi ẹni tí yóò pa amaana mọ́ jẹ aṣojú fún ìlú Èkó. Kí Ó fún àwọn tí wọ́n wà lórí àga ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí Ó fún àwọn tí wọ́n yàn wọ́n ní ojú tí ń ríran àti ẹnu tí ń sọ òdodo. Kí Ó dáàbò bo àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó nínú ilé àti ní ilé ìwé. Aamiin.